Ẹni Kejì Tó Ra Lexus RX Ló Mọ Iyì Rẹ̀

Ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń polówó ọkọ̀ bọ̀gìnnì, ẹni tó máa kọ́kọ́ rà á ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹni náà lè máa gbé ní Texas tàbí New Jersey, kó máa gbowó oṣù ní dọ́là, kí báǹkì yá a lówó ọkọ̀, kó lò ó fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó sì dá a padà láti gba tuntun. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí ọkọ̀ náà ṣe ń yára gbéra tó, iye sípíkà tó wà nínú rẹ̀, bí ojú ìwòran tó wà níwájú awakọ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti irú awọ tí wọ́n fi bo ìjókòó. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa tí Lexus RX ń wù ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́. Tòkunbọ̀ là ń rà. Kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti lo ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nígbà mìíràn ó ti lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ti rìn lórí yìnyín, ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ti dúró nínú oòrùn ní èbúté Kútọnu tàbí ti Tincan kí ẹnikẹ́ni níbí tó nawọ́ sí i. Nítorí náà, ojú tí a ó fi ka ìwé ìpolówó yẹn gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi yé ẹ̀yin òǹkàwé kò ju ọ̀kan lọ: ohun tó mú kí Lexus RX yẹ ní fífẹ́ kò sí lára àwọn nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú ìwé. Inú bí ọkọ̀ náà ṣe ń dàgbà ló wà, ẹni kejì àti ẹni kẹta tó rà á ló sì lè jẹ́rìí sí i.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Toyota ló ni Lexus. Ọdún 1989 ni wọ́n gbé orúkọ náà jáde ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọkọ̀ LS 400, nítorí wọ́n fẹ́ bá Mercedes-Benz àti BMW du àwọn olówó. Ní gbogbo ìgbà yẹn, orí ṣáàsì irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ti ń kọ́ jíìpù olówó ńlá. LX 450 tí Lexus fúnra wọn gbé jáde ní 1996, Land Cruiser ni wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Mercedes ML tó dé ní 1997 náà, ṣáàsì tirẹ̀ dá dúró lábẹ́ rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọn èèyàn, ọ̀fun rẹ̀ tóbi, ó sì ga débi pé àgbàlagbà tí eékún ń dùn kò lè wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé wọ́n dì í lọ́wọ́ mú. Ní oṣù Kejìlá 1997, Toyota gbé Harrier jáde ní Japan. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Lexus RX 300. Wọn kò lo ṣáàsì akẹ́rù. Ìpìlẹ̀ Camry ni wọ́n mú, wọ́n gbé e ga sókè díẹ̀, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì V6 lítà 3.0 tó ní agbára ẹṣin 220 sí i, wọ́n sì kọ́ ara jíìpù lé e lórí. Ẹni tó bá fi ojú jíìpù gidi wò ó yóò ní kì í ṣe jíìpù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjà gbà á ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ: ó ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta tí wọ́n ti tà káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bọ̀gìnnì tó lórúkọ lónìí ló sì ń ṣe irú rẹ̀.

Àtakò tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé Camry tó wọ agbádá lásán ni RX, pé owó agbádá ni èèyàn ń san. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó ti yìn ín ló ti ń bú u. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì RX 350 láti ọdún 2007 títí dé 2015. 2GR-FE ni Toyota ń pè é, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 3,456 cc. Ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ló wà nínú Camry V6, nínú Avalon, nínú Highlander, nínú Venza, nínú Lexus ES 350, àti nínú Sienna tí wọ́n fi ń kérò láti Èkó lọ sí Ìlà-Oòrùn. Ẹ fojú inú wo ohun tí èyí jẹ́ fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ ní Ògèrè lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti tú ẹ́ńjìnnì Sienna rí ti tú ti RX náà. Púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, wọ́tà pọ́ǹpù, rédíétọ̀, gbogbo rẹ̀ ló kún Ládípọ̀ ní Mushin àti Àràròmí ní Gate, n'Ìbàdàn, èyí tó jẹ́ tuntun, èyí tó jẹ́ tòkunbọ̀, àti èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá. Iye ọkọ̀ mìíràn tó ń lo ẹ̀yà ara kan náà: nọ́ńbà yìí ló ṣe pàtàkì jù fún wa, kò sì sí ìwé ìpolówó kankan tó kọ ọ́. Ọkọ̀ tó bá dá nìkan jẹ́ ọba, òun nìkan náà ni yóò dá ṣàìsàn, olówó rẹ̀ yóò sì máa retí ẹ̀yà kékeré kan láti Dubai fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Agbádá yẹn fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe asán. Ẹni tó bá ti jókòó nínú Camry àti RX tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà mọ̀ pé nǹkan tí wọ́n fi dí ariwo mọ́ inú ilẹ̀kùn àti abẹ́ ilẹ̀ RX pọ̀ ju ti Camry lọ. Ìjókòó ẹ̀yìn ti RX 330 àti RX 350 ṣeé fà síwájú sẹ́yìn, ó ṣeé tì dùbúlẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ń fi iná ṣí ara rẹ̀. Gíga ìjókòó rẹ̀ ló tilẹ̀ jọ mí lójú jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Kò lọ sílẹ̀ débi tí èèyàn yóò fi ṣubú sínú ọkọ̀, kò sì ga débi tí yóò fi gùn ún bí àkàbà. Ìdí ni èèyàn yóò fi wọlé, yóò yí ẹsẹ̀ méjèèjì wọ inú, ó parí. Ìyá tó wọ ìró àti bùbá yóò wọ̀ ọ́ láìká aṣọ sókè. Èmi gbà pé ohun kan ṣoṣo yìí ta RX fún ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ju agbára ẹ́ńjìnnì lọ, nítorí pé ọkọ̀ tí ọmọ rà nílé wa, ọkọ̀ tí yóò gbé bàbá àti ìyá lọ sí òde ni.

Ní ti agbára ẹ́ńjìnnì, kí n sọ ọ́ ní kíákíá kí n lè kúrò níbẹ̀. RX 300 ní agbára ẹṣin 220 àti jíà mẹ́rin. RX 330 dé ní 2003 pẹ̀lú 230 àti jíà márùn-ún. RX 350 dé fún ọdún 2007 pẹ̀lú 270. Ìran kẹta, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti 2010, ní 275 àti jíà mẹ́fà. Ìran kẹrin, láti 2016, ní 295 àti jíà mẹ́jọ. Ìran karùn-ún tó wà lóde báyìí tún padà sí 275. Ta ló máa mọ ìyàtọ̀ 275 àti 295 lórí Third Mainland Bridge ní aago méje àárọ̀? Kò sí. Èyí tó yẹ kí èèyàn rí nínú ìtàn yẹn ni pé ẹ́ńjìnnì RX 300 àti RX 330 ń lo timing belt tí wọ́n ń pààrọ̀ ní bíi máìlì 90,000, ṣùgbọ́n 2GR-FE ti RX 350 ń lo ṣéènì. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í sábà bá ìwé ìtọ́jú rẹ̀ wá, ẹni tó rà á kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn rí. Èyí tó ní ṣéènì ti yọ ìbẹ̀rù yẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ìyípadà tó ṣe ẹni kejì lóore gan-an nìyẹn, àmọ́ agbára ẹṣin 40 tó lé sí i ni ìwé ìpolówó gbé sókè.

Wọ́n lè bi mí pé ṣé RX kì í ṣàìsàn ni. Ó ń ṣe é, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì RX 300 jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ọ́ìlì ń dì sí nínú. Tí èèyàn bá fi ọ́ìlì pẹ́ jù nínú rẹ̀, á ki, á dúdú, á dí àwọn ihò tóóró tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, ẹ́ńjìnnì á sì jẹ ara rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ náà pọ̀, Toyota kéde ní 2002 pé àwọn yóò tún èyí tó bá bàjẹ́ lọ́nà yẹn ṣe títí di ọdún mẹ́jọ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rà á. Jíà RX 300 tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà náà kò lórúkọ rere. RX 350 ti 2007 sí 2009 ní àléébù tirẹ̀, ó sì yẹ ká wò ó dáadáa. Níwájú ẹ́ńjìnnì náà, páìpù tín-ín-rín kan wà tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbi tí wọ́n ti ń darí ìṣísílẹ̀ àwọn fáàfù. Irin ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n rọ́bà kékeré kan ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀ láàárín. Ooru ẹ́ńjìnnì á mú rọ́bà yẹn gbẹ, á sán, lọ́jọ́ kan á bẹ́. Ọ́ìlì á tú jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Awakọ̀ tí kò bá fojú sí iná pupa tó tàn níwájú rẹ̀ yóò pa ẹ́ńjìnnì tó lè lo ogún ọdún nítorí rọ́bà tí kò gùn tó ìka. Toyota ṣe páìpù tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì.

Bí mo ṣe ń ka àwọn àléébù yìí, ẹ̀rí tèmi ló ń lágbára sí i. Àrùn tí gbogbo èèyàn mọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n mọ ojú ibi tó wà, tí oògùn rẹ̀ sì wà lọ́jà, kì í ṣe ohun tí í ba ọkọ̀ lórúkọ jẹ́. Ọkọ̀ tó yẹ kí ẹ̀rù máa bà wá ni èyí tí àìsàn rẹ̀ ń yí padà lóṣooṣù tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ìdí tí a fi mọ ti RX ni pé ó pọ̀, ó sì ti pẹ́ lójú títì. Orúkọ rere tí Lexus ní lókè òkun náà ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí a má fi í ṣe gbogbo ẹ̀rí. J.D. Power fi Lexus ṣe ẹni àkọ́kọ́ nínú ìwádìí wọn lórí ọkọ̀ tí kì í dani láàmú ní 2023 àti 2024, ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ni wọ́n sì ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́ta, ọmọ ọwọ́ ni lójú tiwa. Ládípọ̀ ló ń ṣe ìwádìí ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àbọ̀ ìwádìí náà sì ni iye tí wọ́n ń ta RX tó ti dàgbà: àwọn èèyàn ṣì ń san owó gidi lé e.

Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ Jámánì ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo. BMW X5 jáde ní 1999, láti ọjọ́ yẹn títí di òní, ẹni tó fẹ́ràn ìwakọ̀ kò ní sọ pé RX dùn ún wà tó o. X5 ń gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu. Tó bá fẹ́ yà, yóò yà kánkán láìtẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Inú Mercedes ML àti GLE náà kún fún ọgbọ́n. RX rọ̀, ó ń fì díẹ̀ níbi kọ́nà, ìdarí rẹ̀ kò sì sọ fún awakọ̀ ohun tí táyà ń ṣe lórí títì. Mo gbà gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà tuntun ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí X5 bá pé ọdún méjìlá, tí rọ́bà àti ike tó wà nínú ẹ́ńjìnnì bá ń gbẹ, tí ọ́ìlì bá ń jò láti ibí àti ibẹ̀, tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó gbé ML kan dúró bá sọ̀ kalẹ̀ tí ọkọ̀ sì jókòó sórí táyà rẹ̀ bí ẹni tí àárẹ̀ mú, owó àtúnṣe wọn yóò ṣì jẹ́ owó ọkọ̀ tuntun. Ibi tí ìṣirò ti ń wọ́ nìyí: iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ Jámánì ń wálẹ̀ kíákíá bó ṣe ń dàgbà, ṣùgbọ́n owó ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í bá a wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dà bíi pé ó pọ́ọ́kú lọ́jà, tí ẹni tó rà á sì ń sunkún lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá lówó láti ra X5 tuntun, tó sì lè máa tọ́jú rẹ̀, kó rà á, yóò gbádùn rẹ̀. Ẹni tó bá fi gbogbo owó tó ní ra ti àtijọ́ ló ṣe ara rẹ̀.

Àṣìmọ̀ kan tún wà láàárín àwọn tó fẹ́ràn RX gan-an tí mi ò lè gbójú fò. Nítorí pé à ń pè é ní jíìpù, wọ́n rò pé ó lè gba ibi tí jíìpù ń gbà. Ọ̀pọ̀ RX, pàápàá èyí tó wá láti ìpínlẹ̀ tó móoru ní Amẹ́ríkà, táyà iwájú nìkan ló ń fà á, bíi Camry gẹ́lẹ́. Èyí tó ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà pàápàá, ojú yìnyín àti títì tó tutù ni wọ́n ṣe é fún; kò ní jíà kékeré tí wọ́n fi ń yọ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀, bí GX àti LX ti ní. Abẹ́ RX 350 ti 2010 ga kúrò nílẹ̀ ní bíi sẹ̀ńtímítà 18. Ó ju ti Camry tó jẹ́ bíi 14 lọ, ó sì tó láti kọjá lórí àwọn kòtò wa láìfi ìdí gbálẹ̀. Kò tó láti wọ odò. Oko tó jìn lójú ọ̀nà Ṣakí nígbà òjò, Prado ni kí wọ́n mú lọ.

Ọ̀rọ̀ epo ló kàn, ibẹ̀ sì ni ẹnu RX 350 ti wọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà wọn RX 350 ti 2010 sí máìlì 20 fún gálọ́ọ̀nù kan, èyí tó jẹ́ bíi lítà 11.8 fún kìlómítà 100. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó, kò ní dín, ṣe ni yóò lé. Ṣáájú ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, nígbà tí lítà epo kan wà ní bíi ₦190, lítà 70 tí ẹnìkan bá rọ sínú ọkọ̀ yìí jẹ́ ₦13,300. Nígbà tó di ₦617 ní oṣù Keje ọdún náà, ó di ₦43,190. Nígbà tí ilé epo NNPC l'Ékòó gbé e dé ₦998 ní oṣù Kẹwàá 2024, ó di ₦69,860. Ọkọ̀ kan náà, tánkì kan náà. Mi ò ní ìdáhùn tó lè mú kí owó yẹn kéré, mi ò sì ní díbọ́n. Ohun tí mo lè sọ ni pé Lexus ti ń ṣe èyí tó jẹ́ háíbírìdì láti 2005, bẹ̀rẹ̀ láti RX 400h, lẹ́yìn náà RX 450h. RX 450h ti 2010 ń ṣe máìlì 30 fún gálọ́ọ̀nù kan, bíi lítà 7.8 fún kìlómítà 100. Ní ₦998, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ bíi ₦4,000 ní gbogbo kìlómítà 100. Ẹni tó bá rìn tó kìlómítà 10,000 lọ́dún ti dá ₦400,000 sí. Àwọn èèyàn wa bẹ̀rù bátìrì rẹ̀, ẹ̀rù náà sì tọ́, nítorí bátìrì háíbírìdì tó ti darúgbó wọ́n. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì yẹn wà, ihò tó ń gba afẹ́fẹ́ tútù wọlé sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kó àpò àti aṣọ dí ihò náà mọ́ ọn ló ń fi ooru pa á.

Àtakò tó kẹ́yìn kò jẹ mọ́ ẹ́ńjìnnì rárá. Wọ́n ní nínú ìlú tí bọ́ọ̀sì kò tó, tí òṣìṣẹ́ ń fi wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ wá ọkọ̀ kiri, ìgbéraga ni kí èèyàn kan máa gbé jíìpù bọ̀gìnnì nìkan kiri. Mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Òtítọ́ ni pé owó tí ìdílé ń ná sórí ọkọ̀ àdáni nílẹ̀ wa jẹ́ owó tí ìjọba kọ̀ láti ná sórí ìrìnnà gbogbo gbòò, ibi tí mo sì fẹ́ kí ẹjọ́ náà lọ nìyẹn, kì í ṣe ọrùn ẹni tó ra RX ọlọ́dún méjìlá kí ó lè dé ibi iṣẹ́ kí ó sì gbé ọmọ dé ilé-ìwé. Bí ọ̀ràn bá jẹ́ ti ìfowóṣòfò, ọkọ̀ tó gba ọwọ́ èèyàn mẹ́ta kọjá tó sì pé ogún ọdún sàn ju tuntun mẹ́ta tí wọ́n lò tí wọ́n sì jù nù lọ. Ọkọ̀ yìí tilẹ̀ ti kó ìyà jẹ àwọn kan tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀: ọ̀dọ́ tó bá jókòó sínú Lexus, àwọn agbófinró kan á ti dá a lẹ́bi kí wọ́n tó béèrè orúkọ rẹ̀, ó sì wà lára ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ké lé lórí nínú ìwọ́de wọn ní oṣù Kẹwàá 2020. Àṣejù àwọn agbófinró náà ló yẹ ká bá wí. Ọkọ̀ kò ṣẹ̀.

Ìbéèrè tó ṣẹ́ kù ni ti RX tuntun tó jáde ní 2022, èyí tí àwọn ọmọ wa yóò máa rà ní tòkunbọ̀ ní bíi 2035. V6 ti kúrò nínú rẹ̀. RX 350 ti wá ní ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́rin, lítà 2.4 pẹ̀lú turbo. Ọkọ̀ náà fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gígùn rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn fẹ̀ sí i, ojú ìwòran rẹ̀ sì lè tó íǹṣì 14. RX 500h ní agbára ẹṣin 366. Ìwé ìpolówó rẹ̀ dùn ún kà. Ṣùgbọ́n turbo ń fẹ́ ọ́ìlì tó mọ́ àti epo tó dára, àwa sì ni a gbé ní ìlú tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ilé epo wa ní oṣù Kejì 2022 tí ọkọ̀ ń kú káàkiri. Nítorí náà, RX 350h tó ní agbára ẹṣin 246 péré ni mo fi ọkàn sí, èyí tí ìwé ìpolówó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé lárugẹ. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 aláìní-turbo tó wà nínú rẹ̀, òun kan náà ló wà nínú RAV4 àti Highlander háíbírìdì. Láti Camry ti ọdún 2025, kò tún sí Camry tuntun ní Amẹ́ríkà tí kì í ṣe háíbírìdì lítà 2.5. Ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì yìí yóò kún Ládípọ̀ ní ọjọ́ iwájú bí ti 2GR-FE ṣe kún un lónìí. Máìlì 36 ni RX 350h sì ń ṣe fún gálọ́ọ̀nù kan.

Lónìí, èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé kí ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n rà ni RX 350 ti 2010 sí 2015. Kí ẹ tó fowó lélẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú: èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2T2, Cambridge ní Ontario, Kánádà, ni wọ́n ti ṣe é, JTJ jẹ́ ti Japan. Lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kẹwàá ni ọdún rẹ̀, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011, kí ẹnikẹ́ni má pe ti 2009 ní 2012 fún yín. Tó bá jẹ́ ti 2007 sí 2009 lowó yín ká, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi iná wo páìpù ọ́ìlì yẹn kó sọ bóyá rọ́bà ṣì wà láàárín rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè kí ẹ gbóòórùn abẹ́ rẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí omi gbé ní Houston nígbà ìjì Harvey ní 2017 kò jókòó sí Houston. Ẹ fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ wà á títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dáadáa, kí ẹ sì mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá fi hàn yín.